Ìyá Inú Ìwé Pupa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹ̀pẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dojú abọ́ dé nílé wa bí ìyá wa bá wà lójú omi. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ òde òní. Ẹja gbígbẹ ni ìyá wa ń tà. Bí ọjà Èjìnrìn bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á di apẹ̀rẹ̀ ẹja sínú ọkọ̀, wọ́n á gba orí ọ̀sà lọ, ó di ọjọ́ kejì kí a tó tún fojú kàn wọ́n. Títí tí yóò fi dé, ojú sókè ni gbogbo àwo àti igbá tí a bá fọ̀ máa ń wà. Abọ́ tí a dojú rẹ̀ dé jọ ọkọ̀ tó dojú dé, a kò sì gbọ́dọ̀ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́ omi. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé a kì í sọ pé nǹkan "rì". Bí ẹran bá rì sínú ọbẹ̀, a ó ní ó lọ sísàlẹ̀. Mo jẹ ìfọ́tí nítorí igbá kan rí, etí yẹn ṣì ń hó títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló mú ìwé pupa náà wálé láti iléèwé. Nígbà yẹn, ilé kéwú nìkan ni èmi ń lọ, n kò tíì mọ̀wé kà. Ìwé kékeré ni, èèpo rẹ̀ pupa, àwòrán ọkọ̀ kan sì wà lójú rẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí ìyá rẹ̀ ń fi ọkọ̀ kó ẹní lọ tà ní ọjà òdìkejì ọ̀sà. Lọ́jọ́ kan, ìjì dé bá ìyá lójú omi, ọmọ sì gbé fìtílà, ó lọ dúró sí èbúté, ó ń ké pe ìyá rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá kà dé ibẹ̀, ń ṣe ni mo máa ń di aṣọ rẹ̀ mú. Oníyẹ̀yẹ́ ni, á wúkọ́, á sì ka ìparí rẹ̀ fún mi. Ìjì rọlẹ̀. Ọkọ̀ gúnlẹ̀. Ìyá sọ̀kalẹ̀ tòun taṣọ tútù, ó wo ọmọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ta ló ní kí o jáde láìborí? Ṣé o ti jẹun?"

Bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn báyìí, ẹ̀rín á pa mí. Kí èèyàn bọ́ lọ́wọ́ ìjì, kó wá máa bèèrè gèlè! Gbogbo ọjọ́ tí ìyá wa bá lọ sí Èjìnrìn ni mo máa ń ní kó kà á fún mi lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, bó bá sì ti kà á tán, oorun á gbé mi lọ. Ó dá mi lójú pé bí ìyá inú ìwé ṣe padà, bẹ́ẹ̀ ni tèmi náà á ṣe padà. Ó sì ń padà lóòótọ́. Ní ọjọ́ kejì, kó tó dé, a kì í rí ẹ̀gbọ́n mi nílé. Bàbá wa á máa pariwo pé ọ̀lẹ ọmọ ti sá fún iṣẹ́, pé etí omi ló ti ń ṣeré kiri.

Nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ iléèwé tí mo mọ̀wé kà, mo gbé ìwé náà, mo fúnra mi kà á. Àwọn ewé tó gbẹ̀yìn ti lẹ̀ mọ́ èèpo ẹ̀yìn gbagidi, mo fi èékánná yọ ọ́ títí, kò yọ. Mo ní òjò ló pa á. Kò tilẹ̀ dùn mí, ṣebí mo ti mọ ìparí rẹ̀ sórí. Nígbà tó yá ìwé yẹn sọnù, n kò sì mọ ibi tó wọlé sí.

Mo dàgbà, mo lọ́kọ. Ọkọ mi ríṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní Ìkòròdú, la bá di ará ibẹ̀. Gbogbo ọmọ tí mo bí ló gbọ́ ìtàn ìyá ẹlẹ́ní lẹ́nu mi, àwọn ọmọ ọmọ mi náà sì gbọ́ ọ. Àfi bó ṣe di ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde, tí àwọn ọkùnrin ń fi í há bẹ́líìtì kiri bí ẹni gbé àdá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ mi obìnrin sáré wọlé bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màmá, ìwé pupa yín, àwa la fẹ́ fi í ṣe dírámà! Èmi ni mo máa ṣe ọmọ yẹn!" Iléèwé wọn fẹ́ ṣe àjọ̀dún ìparí ọdún, tíṣà wọn ti rí ìwé náà rà, wọ́n ti tún un tẹ̀. Ẹ wo ayọ̀! Mo ní kó wá sọ ìtàn náà fún mi bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é. Ó ní rárá, tíṣà ní wọn ò gbọ́dọ̀ sọ fún ará ilé.

Lọ́jọ́ náà, mo tètè débẹ̀, mo jókòó síwájú. Eré yẹn dùn, ẹ má jẹ́ n purọ́. Àwọn ọmọ na aṣọ búlúù gbọọrọ, wọ́n ń mì ín bí ìgbì. Wọ́n fi páálí ṣe ọkọ̀, ọmọbìnrin kan tó ga jókòó sínú rẹ̀, ó di ẹní sórí itan. Ọmọ ọmọ mi gbé fìtílà jáde. Bó ṣe ń ké pe ìyá rẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Mo fọwọ́ kan ẹni tó jókòó tì mí, mo ní, "Ẹ farabalẹ̀, ìyá ń bọ̀." Mo ti ń múra ẹ̀rín sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ gèlè yẹn.

Ni àwọn ọmọ méjì bá gbá ọkọ̀ páálí mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò mọ ìgbà tí mo dìde. Ohùn ara mi ni mo gbọ́ nínú họ́ọ̀lù, "Ẹ yí i padà! Ẹ yí ọkọ̀ yẹn padà!" Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rò pé mo wà lára eré, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n rí i tí mo ń lọ sórí ìtàgé, gbogbo họ́ọ̀lù bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ọmọ mi dúró pẹ̀lú fìtílà lọ́wọ́, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn. Tíṣà wọn sáré wá dì mí mú, ọmọlúàbí ọmọ, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Eré ni."

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, mo ti mọ ìwé yẹn kí wọ́n tó bí ìyá rẹ. Ìyá yẹn padà!"

Kò bá mi jiyàn. Ó ṣí ìwé náà síbi tó parí sí, ó nà án sí mi. Mo wọ awò ojú mi. Ọkọ̀ dojú dé. Wọ́n wá ìyá títí, wọn ò rí i, wọ́n rí ẹní rẹ̀ kan ṣoṣo tó léfòó. Àǹtí ọmọ náà ló tọ́ ọ dàgbà. Ó parí. Kò sí gèlè níbẹ̀, kò sí "ṣé o ti jẹun." Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni pé bí mo bá tún un kà, á yí padà. Mo padà lọ jókòó. Ẹ rántí pé mo ti sin òbí, mo sì ti sin ọkọ, síbẹ̀ ikú ìyá orí ìwé yẹn bá mi bí ikú àná. Nígbà tí a ń lọ sílé, ọmọ ọmọ mi ń rìn lọ níwájú mi. Ó ní, "Màmá, ẹ ti bà á jẹ́ fún mi."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo wọ bọ́ọ̀sì, ó di Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nígbà náà, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilé, ó ń gbọ́ rédíò. Mo kúnlẹ̀ kí i nítorí ẹ̀kọ́ ilé, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ parọ́ fún mi. Ìyá inú ìwé pupa, omi ló gbé e lọ."

Ó pa rédíò. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Ẹ gbọ́ ìbéèrè àgbàlagbà! Bí ẹni pé ó ṣì lè rí ọ̀rọ̀ náà bò.

Lẹ́yìn náà ló wá ròyìn. Ó ní ojú ọ̀nà iléèwé lòun ti dá ìwé náà kà tán, ọjọ́ tí Ìyá lọ sí Èjìnrìn gan-an ni. "Mo wọlé, o jókòó síwájú mi, o ní kí n ka ìwé. Ìyá wà lójú omi. Nílé tí a kì í ti í dojú abọ́ dé, kí ni o fẹ́ kí n kà?" Ìparí náà bọ́ sí i lẹ́nu bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó rí i pé èmi náà ti ń kọ́ ìwé kíkà, ó wá ẹ̀kọ tútù nísàlẹ̀ ìkòkò, ó fi lẹ ewé ẹ̀yìn pọ̀. Òun náà ló gbé ìwé náà sọnù níkẹyìn, nítorí pé mo ti ń fi èékánná yọ ọ́.

Mo ní, "Ẹ ò sì lè sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà?"

Ó ní, "Ìyá ò fi ọ̀nà omi sílẹ̀ títí o fi lọ́kọ." Ó wò mí dáadáa. "Irọ́ wo gan-an ni mo pa? Ṣé Ìyá ò padà ni?"

Ìyá wa padà. Gbogbo ìgbà tó lọ ló padà, orí ẹní rẹ̀ nínú ilé ló dàgbà kú sí, gbogbo wa yí i ká. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ etí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò ṣeré níbẹ̀ rí. Ìparí tó fún mi ni mo fi ń sùn fọnfọn. Ti inú ìwé ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan, ìyẹn ló ń lé e lọ sí èbúté, kó lọ wò bóyá ọkọ̀ ń bọ̀. Bàbá wa ń pè é ní ọ̀lẹ, kò sì fèsì. Mo bú sẹ́kún bí ọmọdé níwájú ilé, àwọn tó ń kọjá sì ń wò wá.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un kà fún mi. Kò sí ìwé lọ́wọ́, ó wúkọ́ bíi ti àtijọ́. Ìjì rọlẹ̀. Ọkọ̀ gúnlẹ̀. "Ta ló ní kí o jáde láìborí? Ṣé o ti jẹun?" Ohùn ìyá wa ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, tòun ti bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ ìparí. Ó ní ohun tí Ìyá máa ń sọ fún òun ní èbúté nìyẹn nígbàkígbà tó bá sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ lòun ti mú un wọ inú ìtàn. Láti kékeré ni mo ti ń rò pé ìyá wa ló jọ ìyá inú ìwé.

Ayé ti yí padà. Títì ni àwọn ẹlẹ́ja ń gbà lọ báyìí, ọmọdé ń rí òkú lórí tẹlifíṣọ̀n kó tó jẹun òwúrọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń fi ẹ̀kọ lẹ ewé ìwé. N kò sọ pé tàná ló dára jù, òótọ́ náà ní àyè tirẹ̀. Ọmọ ọmọ mi tí mo ba eré rẹ̀ jẹ́ ti dárí jì mí, òun náà ti di abiyamọ. Láìpẹ́ yìí ló pè mí lórí fóònù, ó ti ra ìwé pupa náà fún ọmọ rẹ̀, ọmọ ti jókòó tì í, ó ti kà dé ibi fìtílà.

Ó ní, "Màmá, èwo ni kí n kà fún un? Tinú ìwé ni, àbí tiyín?"

Mo bi í pé ṣé ọkọ rẹ̀ ti dé láti ibi iṣẹ́.

Ó ní, "Rárá o, wọ́n ṣì wà lọ́nà."

Mo ní, "Jẹ́ kí ọkọ̀ gúnlẹ̀."