Ìpápánu Tí Kò Fojú Kan Iná

Mo rántí ìgbà tí èéfín di ohun tí a fi ń ṣọ́ ara wa ní Kútọnù. Ogun àwọn òyìnbó ló dé, igi ìdáná sì di ọ̀wọ́n. Ní agboolé tí a háyà yàrá sí nítòsí rélùwéè, bí èéfín bá yọ lẹ́yìn yàrá ẹnìkan, gbogbo ayálégbé á mọ̀ pé ẹni náà ti rí igi rà, wọ́n á sì máa bi ara wọn léèrè ibi tó ti rí i. Tèmi yàtọ̀. Èéfín kì í sábà jáde lẹ́yìn yàrá mi, síbẹ̀ odó mi ń dún láti òwúrọ̀, àwọn èèyàn sì ń gbé abọ́ wá ra nǹkan lọ́wọ́ mi. Ohun tó kọ́kọ́ mú kí wọ́n máa fi ojú ìfura wò mí nìyẹn.

Ìpápánu ni mò ń ṣe. Mo máa ń ra ẹ̀pà tí wọ́n ti yan, n ó bó o, n ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, n ó sì gún un títí yóò fi fọ́, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kó kúnná. Dàbínù, èso dídùn tí àwọn Gàmbàrí ń kó wá láti apá òkè, n ó yọ kóró inú rẹ̀ kí n tó gún un mọ́ ẹ̀pà náà. N ó da oyin díẹ̀ sí i, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí mo ti gé sá sóòrùn títí ó fi gbẹ. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ra, n ó ṣù ú róbótó-róbótó, n ó yí i nínú àgbọn tí mo rin, n ó sì tò ó sórí àtẹ. Àwọn tó ń já ẹrù ní etí òkun fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó máa ń dúró níkùn, àwọn ìyàwó akọ̀wé sì ń rà á nítorí pé búrẹ́dì kò ṣeé rí mọ́. Lójú ara mi nígbà náà, n kò rò pé obìnrin kan wà ní gbogbo Kútọnù tó gbọ́n tó mi.

Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí. Ọkọ mi wá láti Abẹ́òkúta, aṣọ ló ń tà, ìyá rẹ̀ sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ìgbéyàwó wa kò tíì pẹ́ nígbà tó lọ ra ọjà ní Èkó, tí àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọn kò rẹ́ mọ́, sì ti ibodè pa mọ́ ọn sọ́hùn-ún. Láti ìgbà náà, a kò gbúròó rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níhà Èkó àti Abẹ́òkúta, di ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé àwọn obìnrin kan ń gba etí òkun Sẹ̀mẹ̀, lẹ́bàá ibodè, gbé ọ̀rọ̀ kọjá sí òdìkejì, pé ìjọba sì ti kó lára wọn. Bí mo bá ń kọjá lójú ọ̀nà, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ á dákẹ́ títí n ó fi kọjá tán.

Inú ilé gan-an kò sàn ju ìta lọ. Ìyá ọkọ mi kì í fẹnu kan ohun tí mo bá ṣe. Ó ní bí oúnjẹ kò bá hó lójú òun, òun kò lè mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Nígbà tó yá, èyí tó hó gan-an kò jẹ ẹ́ mọ́. Ẹ̀kọ tó bá rà níta ló ń jẹ, yóò sì kọ ẹ̀yìn sí mi bó bá ń jẹ ẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Ṣábẹ̀, tó gbé kèrègbè oyin wá fún mi, tí àwa méjèèjì ń fi èdè ilé wa sọ̀rọ̀ wàràwàrà, ìyá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ẹnu wa. Ó ń gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí a ń sọ, kò gbọ́ ọ tán, ìyẹn sì burú ju kó má gbọ́ ọ rárá lọ. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: pé èmi àti àwọn ará ilé mi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ òun. Èmi náà ń ṣọ́ ọ. Lọ́sọ̀ọ̀sán ló ń lọ sí pálọ̀ ìyá onílé, bí mo bá sì yọjú síbẹ̀, ọ̀rọ̀ á dá.

Agudà ni ìyá onílé yìí, ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn òbí àgbà wọn padà dé láti ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ó ga, ó pupa, ó máa ń da ìborùn dúdú borí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kátólíìkì láràárọ̀. Ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Ègùn, ó gbọ́ Yorùbá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì fi ń wádìí ọ̀rọ̀. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ń ṣe ògbufọ̀ fún ọ̀gá Faransé kan. Ìpápánu mi kì í tán lórí tábìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rà á rí kó má bèèrè nǹkan. Ta ló ń ta dàbínù fún mi? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi lẹni tó gbé oyin wá lóòótọ́? Kí ló dé tí àwọn obìnrin Sẹ̀mẹ̀ fi ń ra púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀? N ó fi ẹ̀rín dá a lóhùn, n ó padà sí ìdí odó mi, n ó sì máa rò ó pé obìnrin yìí ni yóò fà mí lé wọn lọ́wọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n dé, ọlọ́pàá méjì àti ògbufọ̀ kan tí n kò rí rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to èyí tí mo ṣù sórí àtẹ ni. Ògbufọ̀ bèèrè ọkọ mi. Mo ní ó wà ní Èkó. Ó bèèrè ìgbà tí mo gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn, mo ní n kò gbúròó rẹ̀ láti ìgbà tó ti lọ. Ó wá ní àwọn ti gbọ́ pé inú ohun tí mò ń ṣù yìí ni mò ń fi bébà pamọ́ sí, tí àwọn obìnrin Sẹ̀mẹ̀ fi ń gbé e lọ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ rẹ́rìn-ín lójú wọn. Èyí tó dàgbà nínú àwọn ọlọ́pàá náà yọ ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo agboolé ti jáde. Ó ń là á, ó ń fi ìka tú u, ó ń jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó ṣe, ọ̀bẹ rẹ̀ kan nǹkan líle. Ó dúró. Ọlọ́pàá kejì sún mọ́ ọn. Kóró dàbínù kan tí mo gbàgbé sínú rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n yí i sóòrùn, wọ́n sì fi eyín dán an wò.

Bóyá ìtìjú kóró yìí ló bí ògbufọ̀ nínú. Ó ní bí kò bá sí bébà níbẹ̀, májèlé lè wà níbẹ̀, nítorí ìyàwó òyìnbó kan máa ń ránni wá rà á. Ó ní kí n jẹ ẹ́ lójú wọn. Bí mo ṣe nawọ́, ọlọ́pàá àgbà dá mi dúró. Ó ní ẹni tó ṣe é á mọ èyí tí kò léwu, kí ẹlòmíràn jáde wá jẹ èyí tí òun bá fi ọwọ́ ara òun mú. Mo wo ojú àwọn ayálégbé, àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́. Ilẹ̀ ni olúkúlùkù wọn ń wò. Ìyá onílé dúró lórí àtẹ̀gùn rẹ̀, ó di ìborùn rẹ̀ mú lọ́rùn, kò sọ̀kalẹ̀.

Ìyá ọkọ mi, tó ti ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà yàrá, ló jáde wá. Kò wò mí. Ó nawọ́ sí ọlọ́pàá, ó gba èyí tó mú fún un, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ nítorí pé eyín rẹ̀ kò pé mọ́. Gbogbo wa dúró títí ó fi gbé e mì. Ó tún mú òmíràn fúnra rẹ̀.

"Ìyàwó ọmọ mi ni," ó wí fún ògbufọ̀. "Láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Ẹ sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́."

Gbogbo agboolé mọ̀ pé irọ́ ni. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀, wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbọn ẹní, wọ́n ti igi bọ inú kèrègbè oyin, wọ́n sì lọ. Wọ́n gbé ìyókù orí àtẹ dání, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi han ọ̀gá. Mo ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Kí wọ́n tó yà ní kọ̀rọ̀, èyí ọ̀dọ́ nínú wọn ti ń jẹ ẹ́.

Ìyá jókòó sórí àpótí ìdí odó mi. Mo kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, ó ní kí n dìde.

"Èmi ni mo sọ fún ìyá onílé pé n kò mọ ohun tí ò ń dì sínú rẹ̀," ó wí. "Òun nìkan ni mo sọ fún. N kò mọ ibi tó gbà dé ọ̀dọ̀ wọn."

Mo bi í pé, "Kí ló wá dé tí ẹ fi jẹ ẹ́, Ìyá, nígbà tí ẹ ń fura sí mi?"

"Mo wo ojú rẹ nígbà tí wọ́n bèèrè ọmọ mi," ó ní. "Ìwọ náà kò mọ ibi tó wà."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá mi yọ kóró dàbínù. Èyí tí èmi bá ti yọ, á tún un wò.

Nígbà tí wọ́n ṣí ibodè, ọkọ mi dé, ó rù, ó hu irùngbọ̀n tí ìyá rẹ̀ kò fẹ́ràn. Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ìyá onílé gbé abọ́ dàbínù kan wá sí ìdí odó mi, ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo kọ́ ọ. A jókòó súnmọ́ ara wa, ọwọ́ wa wà nínú abọ́ kan náà, mo sì ń retí kó sọ nǹkan.

"Ìyàwó," ó wí, "nígbà ogun yẹn…"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún oyin. Nígbà tó tún la ẹnu, ohun tó bèèrè ni bóyá oyin náà ti tó. Mo ní ó ti tó, Ìyá.

Ó ti pẹ́ tí ìyá onílé ti kú. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń fẹ́ kí n sọ fún wọn bóyá òun ló fi wá sùn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò lé wa jáde ní ìgbà tí fífi ilé fún ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì léwu fún un, òótọ́ sì ni. Ó tún lè jẹ́ òun. Nígbà àìsàn tó gbé e lọ, mo jókòó tì í lọ́pọ̀ ọ̀sán, àwa méjì péré, n kò sì bi í. Mo rò nígbà náà pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Nísinsìnyí tí èmi náà ti darúgbó, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà mí. Bó bá sọ fún mi pé òun kọ́, n ó ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àwọn tó kù nínú agboolé, pé ta ló jẹ́ nínú wọn.