Ìwé Ìrìbọmi Ara Ògiri Eutimia

Ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mẹ́síkò Tuntun, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Eutimia sí. Ibẹ̀ la dàgbà sí, ibẹ̀ la ó sì kú sí. Síbẹ̀, ẹni tó bá pe ẹ̀gbọ́n mi ní ará Mẹ́síkò, kó yáa wá ibi sá sí. Ará Sípéènì ni. Kò dé Sípéènì rí o. Ibi tó jìnnà jù tó ń lọ ni ilé ìdáná ilé ìwé tó ti dáná fún ogójì ọdún, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọba wà lára rẹ̀, òun ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀: ìwé ìrìbọmi bàbá tó bí bàbá bàbá wa, nínú férémù aláwọ̀ wúrà. Èdè Sípéènì ni wọ́n fi kọ ọ́, ìyẹn ti tó ẹ̀rí lójú ẹ̀gbọ́n mi. Kíkà ni kò lè kà á. Èmi náà ò lè kà á. A ń sọ èdè náà nílé láti kékeré, ṣùgbọ́n pàṣán ni àwọn tíṣà fi ń dá ẹni tó bá sọ ọ́ nílé ìwé lóhùn, Gẹ̀ẹ́sì nìkan la sì mọ̀ ọ́n kà. Àwa ọmọ Sípéènì pọ́ńbélé nìyẹn.

Ọlọ́run tó mọ̀ ọ́n ṣe wá fi Refugio ta á lọ́rẹ. Ọmọ Chihuahua ni, láti Mẹ́síkò gan-an, òun ló sì fẹ́ Marcela, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń tún òrùlé ẹ̀gbọ́n mi ṣe, tó ń la igi ìdáná fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ò pè é lórúkọ rí. "Ọkùnrin yẹn" ló ń pè é.

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, Refugio ń sun ata lágbàálá, àwa ń bó o nínú ilé. Ludivina, ọmọ òun àti Marcela, gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, ó ń kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì. Fọ́ọ̀mù bi í bóyá ẹ̀yà Hìsípáníìkì ni, ìyẹn àwọn tí ìran wọn ń sọ èdè Sípéènì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Fọ́ọ̀mù ní kó sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá: Mẹ́síkò, Kúbà, Sípéènì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

"Sípéènì," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Mama Àgbà, bàbá mi ńkọ́? Mẹ́síkò ni mo fẹ́ fi àmì sí."

"Ṣé bàbá ẹ ló ń lọ yunifásítì ni?"

"Tí mi ò bá fi wọ́n sí i, ó máa dà bíi pé mi ò ní bàbá."

"Fi sí i. Àmọ́ tó o bá ń lọ, má wá kúnlẹ̀ síwájú mi. Mi ò ní gbọ́wọ́ lé ẹ lórí."

Ọ̀rọ̀ wá di ńlá. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ kì í fi ilé sílẹ̀ láìjẹ́ pé ìyá àgbà ṣe àmì àgbélébùú sí i níwájú orí. Ludivina bú sẹ́kún. Inú bí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọba," ni mo wí, "ẹ gbé férémù yín sọ̀kalẹ̀, ká kà á, kí gbogbo wa lè mọ ọba tó bí wa."

Inú rẹ̀ dùn. Fúnra rẹ̀ ló gbé e sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka irú ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ọkùnrin yẹn? Refugio wọlé, èédú ata lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ka orúkọ ọmọ, ó ka ọdún 1838, ó ka orúkọ àlùfáà. Ó ní ó parí.

Ludivina, tí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ní kíkà èdè náà, ti ń wò ó láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀. "Dádì, ẹ fo ìlà kan."

"Tàdáwà ẹ̀ ti ṣá."

"Kò ṣá o. Òun ló dúdú jù." Ó fi ìka tọ̀ ọ́, ó kà á: "Bàbá àti ìyá rẹ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò."

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti tọ́jú ẹ̀rín sílẹ̀ de irú ọjọ́ yìí. Nígbà tí mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rín kọ̀, kò jáde.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?" ló bi Refugio.

"Ọjọ́ tí mo wá tọrọ Marcela ni, Mà. Ẹ ní kí n jókòó síwájú férémù yìí fún wákàtí méjì."

"O wá dákẹ́?"

"Ilé yín ni, Mà."

Wọ́n ní gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kàndínlógún! Èmi ì bá ti kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì.

Ata ti ń jó lágbàálá, ẹ̀gbọ́n mi ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu férémù náà. Nígbà tó yá, ó ní kí Ludivina fi àmì sí Mẹ́síkò, kó sì fi sí Sípéènì náà, torí òun ò lè ju férémù tó dára tó báyìí nù.

"Refugio," ló pè. Gbogbo wa yíjú sí i. "Kúnlẹ̀."

Refugio kúnlẹ̀ tòun ti èédú lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò.