Ìdọ̀tí Tí Mo Sin Sí Etí Òkun

Òórùn àgọ́ tí iyọ̀ òkun ti wọ̀ lára kò jọ òórùn mìíràn. Bí mo bá tú tiwa lónìí nínú yàrá wa, níbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀, òórùn náà a gbé mi padà sí ọdún kejì tí a lọ pàgọ́ sí etí òkun, ọdún tí ojú tì mí níwájú ẹranko.

Ìyàwó mi ló mú àbá náà wá. Yàrá kan àti pálọ̀ la háyà lọ́nà Ìwáyà, kò sí àgbàlá, ọmọbìnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà kò sì mọ ibòmíràn tí oòrùn ti ń yọ ju ẹ̀yìn ilé alájà mẹ́ta tó kọjú sí tiwa. A ní nígbà ọlidé Àjíǹde, a ó máa lọ sùn sí etí òkun fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ìyá mi tó ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Ọ̀yìngbò gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé lánlọ́ọ̀dù lé yín ni? Ẹni tó ní òrùlé lórí, kí ló ń wá lábẹ́ aṣọ?" Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé wa, ó ní a ò ní gbé ọmọ-ọmọ òun lọ sétí omi kí òun jókòó sílé máa retí ìròyìn.

Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, èmi ni ọ̀gá ètò. Mo ra àpò píọ̀ wọ́tà mẹ́ta, àwo fóòmù, ṣíbí rọ́bà àti kọ́ọ̀pù rọ́bà. Ìyàwó mi kọ orúkọ ọmọ wa gàdàgbà sára kọ́ọ̀pù pupa kan kí ìjà má baà sí. Màámi ní tirẹ̀ di abọ́ tánganran mẹ́rin, kànìnkànìn, àti ìdì ewé mọ́ínmọ́ín kan. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹrù Ògbómọ̀ṣọ́ yìí sílẹ̀. Fàájì là ń lọ ṣe, a ò lọ fọ abọ́. Bá a bá ti jẹun tán, ó parí nìyẹn." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ó dáa, ọ̀gá," ó sì kó wọn padà sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí a fẹ́ máa bọ̀ nílé, mo kó gbogbo ìdọ̀tí wa sínú ọ̀rá ńlá kan, mo gbẹ́ ihò sí òkè níbi tí ìgbì kì í dé, mo sin ín, mo tẹ iyanrìn lé e, mo tún fi imọ̀ ọ̀pẹ gbá ojú ibẹ̀. Ẹ má rò pé ọ̀bùn ni mí. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ní oko wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ, egungun, gbogbo rẹ̀ ni bàbá mi ń sin, á ní kò sóhun tí ilẹ̀ kì í jẹ. Lójú tiwa, ẹni tó fi ìdọ̀tí sílẹ̀ gbalaja ni ọ̀bùn, ẹni tó sin ín ni ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Mo ya fọ́tò ojú ilẹ̀ náà, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ pé kí wọ́n wò ó, bí ẹni pé a ò débẹ̀ rí. Orí mi wú lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́dún kejì, ibẹ̀ náà la padà sí, àgọ́ wa kò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibi tí mo gbá yẹn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ń mọ́ bọ̀ nígbà tí Màámi, tó ti jí gbàdúrà, fọwọ́ gbá mi lẹ́sẹ̀. "Dìde. Má pariwo. Wá wo ohun tí Ọlọ́run dá."

Ìjàpá òkun ni. Mo ti rí ìjàpá rí, irú èyí tí ènìyàn lè gbé sínú agbọ̀n, ṣùgbọ́n èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlẹ̀kùn. Ó ń wọ́ ara rẹ̀ bọ̀ látinú omi. Bó bá sún díẹ̀, á dúró, á mí kanlẹ̀ bí àgbàlagbà tó ru ẹrù gòkè. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Kò sí ohun tí mo rí ní Èkó rí tó bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, tó sì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá apẹja kan tí ahéré rẹ̀ wà nítòsí ti dúró sẹ́yìn igi àgbọn, ó fi ìka sẹ́nu. "Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì o," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ìyá fẹ́ yé ẹyin. Ibi tí wọ́n bá bí wọn sí ni wọ́n ń padà sí, bó ti wù kí òkun gbé wọn jìnnà tó."

Ibi tí mo gbá gan-an ló dúró sí. Ó fi lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, tọ̀tún, tòsì, ó ń bu iyanrìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bu gaàrí sínú kóńgò. Lẹ́yìn náà ni lẹbẹ rẹ̀ ya ọ̀rá ńlá tí mo sin, ó wọ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà jáde. Ó tún gbẹ́ ẹ, àwo fóòmù yọ, funfun báláú bí ọjọ́ tí mo rà á. Ọdún kan gbáko, ilẹ̀ ò fẹnu kàn án. Ó tún gbẹ́ ẹ, kọ́ọ̀pù pupa kan yí gbirigbiri wá síwájú wa. Ọmọ mi, tó ti jí wá dúró ti ìyá rẹ̀, rọra sọ pé, "Dádì, kọ́ọ̀pù mi nìyẹn."

Ọ̀rá ńlá náà ti lọ́ mọ́ ìjàpá náà lẹ́sẹ̀, ó ń já ara rẹ̀ gbà. Mo fẹ́ sáré lọ kó ìdọ̀tí náà kúrò, bàbá apẹja di apá mi mú. "Bó bá rí ẹ, ẹ̀rù á bà á, kò ní yé e." Kò kúkú yé e. Ó yí padà, ó forí lé omi, tòun ti ẹyin inú rẹ̀. Mo bi bàbá náà pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹyin náà. Ó ní, "Bí kò bá tètè rí ilẹ̀, inú omi ló máa tú u sí. Èyí tó bá sì ti bọ́ sómi, kò lè di ọmọ." Ó wo ìdọ̀tí náà, ó wò mí. "Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé." Màámi jókòó lulẹ̀. "Aláboyún ń rọbí," ó ní, "ó délé, a ti fi ìdọ̀tí dí ẹnu ọ̀nà." Kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi.

Ọjọ́ yẹn, a ò ṣe fàájì kankan. A tú àgọ́, a sún un sẹ́yìn jìnnà, a fi ọwọ́ hú gbogbo ohun tí mo sin, àti tàwọn ẹlòmíràn tí bàbá tiwọn náà ti kọ́ láti máa sin nǹkan. Nígbà tí ebi dé, Màámi tú ẹrù rẹ̀: abọ́ tánganran tó ti fi ìró wé gbé wá láìsọ fún mi, àti ewé. A fi iyanrìn fọ abọ́ náà, a sì di ewé tí a fi jẹun láti gbé e padà sílé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Abọ́ tí mo ní kí Màámi kó padà ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ọdún kan péré ló sì fi ṣẹ.

Ní ìdájí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, a jókòó títí, kò wá. Ní ìdájí ọjọ́ tí à ń lọ sílé, oorun gbé gbogbo wa lọ, bàbá apẹja ló wá jí wa. Ipa ìjàpá náà wà nínú iyanrìn, ó fẹ̀ bí ipa táyà lọ́rì. Bàbá náà fi bí lẹbẹ òsì ṣe wọ́lẹ̀ hàn wá, ó ní ìyá ìjẹta náà ni, lẹbẹ rẹ̀ yẹn ti gé díẹ̀. Ipa náà gòkè wá síbi tí a ti tún ṣe, ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó kọjá. Ó lọ jìnnà, ó kọjá àwọn igi àgbọn, síbi tí ẹnikẹ́ni ò pàgọ́ sí rí. Níbẹ̀ ló yé e sí, tó bò ó. Màámi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó kọjú sókun. Ìyá mi tí kì í fi "ẹ" kí ẹni tí kò bá jù ú lọ, ó ní, "Ẹ kú ewu o. Ẹ kú ewu ọmọ." Mo sunkún, mi ò sì fi pamọ́.

Nígbà tí a fẹ́ wọ mọ́tò wa tó kẹ́yìn ní Ojú Ẹlẹ́gbà, kọ̀ńdọ́kítọ̀ bi mí ohun tó wà nínú àpò tó ń rùn. Mo ní ìdọ̀tí wa ni. "Bọ̀dá, ẹ ń gbé dọ̀tí bọ̀ ní Lagos? Ṣé Lagos ò ní tiẹ̀ ni?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọmọ yẹn ti wà ní yunifásítì báyìí, Màámi sì ti lọ sinmi. A ṣì ń lọ lọ́dọọdún. Kẹ́ẹ̀gì la fi ń gbé omi, abọ́ Màámi la fi ń jẹun, a kì í tan iná ní ìhà òkun, ohun tí a bá gbé lọ la ń gbé bọ̀. Àwọn ìjàpá ṣì ń wá. Bàbá apẹja ní wọ́n máa ń dé ibi tí mo sin ìdọ̀tí sí, wọ́n á sì kọjá. Kò tíì sí èyí tó yé ẹyin síbẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, ìyanu ló ń jẹ́ fún mi títí dòní. Ní Àjíǹde tó kọjá, mo tún fi asẹ́ sẹ́ iyanrìn ibẹ̀, mo ṣì rí fóòmù tó ti rún wẹ́wẹ́ bí ìrẹsì. Mò ń ṣà á sínú ìgò nígbà tí ọmọ mi dé. Ó ní, "Dádì, ìgbà wo lẹ máa ṣà á tán?"

Mo ní mi ò mọ̀, kó bá mi di asẹ́ náà mú dáadáa.