Pẹ́ńsù Tí Orest Kò Fi Wò Ó

Ní ìlú Dunrae, kò sẹ́ni tó ń ra bàtà yìnyín, èyí tí wọ́n fi ń yọ̀ gbá họ́kì lórí omi dídì, láìjẹ́ pé Orest Hrynkiw fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Gido ni wọ́n ń pè é, bí àwọn ará Yukréènì tó tẹ ibẹ̀ dó ṣe ń pe bàbá àgbà, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ta bàtà họ́kì. Bí o bá jókòó, yóò di gìgísẹ̀ rẹ mú, yóò tẹ àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ, yóò wá gbé bàtà tó kéré sí èyí tí o ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì wá. Bí o bá ráhùn, yóò rẹ́rìn-ín.

“Bàtà yìnyín tí kò bá tíì bù ọ́ jẹ, kò tíì mọ̀ ọ́.”

Òótọ́ ni, títí dé ibì kan.

Lorna Petrychuk, tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé, wọlé ní Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, ó sì fẹ́ wọ ẹgbẹ́ họ́kì àwọn obìnrin ìlú náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́. Gido níhìn-ín, Gido lọ́hùn-ún, orí Orest sì ń wú. Ó mú bàtà kan fún un, ó ki í bọ ààrò kó lè rọ̀ bá ẹsẹ̀ mu, ó dè é mọ́ Lorna lẹ́sẹ̀, ó ní kó jókòó jẹ́ẹ́ títí yóò fi tutù.

“Gido, ó ń fún mi lókè ẹsẹ̀ níbí o.”

“Fara dà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.”

Ohun kan wà tí kò ṣe. Kí wọ́n tó di okùn bàtà, wọ́n máa ń fi pẹ́ńsù dábùú ẹnu rẹ̀, láti ihò okùn kan sí èkejì. Bí pẹ́ńsù bá kan ẹsẹ̀, bàtà náà kò jìn tó nìyẹn, kò sì sí iná tó lè tún un ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ọgbọ́n yìí. Ṣùgbọ́n ojú èrò wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì fẹ́ jọ ẹni tó ń ṣiyèméjì.

Lorna fara dà á lóòótọ́. Ó wọ bàtà náà fọ abọ́ nílé, ó fi ìbọ̀sẹ̀ tútù wọ̀ ọ́, ó wọ̀ ọ́ jẹun alẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan ẹgbẹ́, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta lórí yìnyín.

Orest wà níbẹ̀, ó ń mu kọfí. Nígbà tí Lorna bọ́ bàtà kan, Orest rí ilà pupa tó dábùú ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ojú okùn lára ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un.

“Lorna, ẹsẹ̀ ẹlẹgẹ́ bí ẹyin ni tìẹ!” ni Darlene, kóòṣì wọn, ké. “Padà sídìí bọ́ọ̀sì rẹ jàre!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Orest ì bá dákẹ́. Ó mu kọfí rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó dìde.

“Darlene, ẹ̀bi mi ni. Bàtà yẹn kò bá a mu.”

“Ẹ gbọ́ Gido aláàánú! Ẹ má parọ́ nítorí rẹ̀, bàbá. Ta ni kò mọ̀ pé ọwọ́ yín kì í ṣàṣìṣe?”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n ń yìn ín. Ìyìn yẹn ló dùn ún jù. Ó mú pẹ́ńsù lára pátákó tí Darlene fi ń kọ orúkọ, ó kúnlẹ̀, ó bẹ Lorna pé kó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà lẹ́ẹ̀kan sí i. Pẹ́ńsù kò dé ihò kejì. Orí ẹsẹ̀ ló gbé e, ló bá yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀.

“Mi ò fi wò ó lọ́jọ́ yẹn,” ni ó wí. “Fọ́ńté ni mò ń ṣe.”

Ẹ̀rín dá. Darlene húkọ́, ó ní kí Lorna padà wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè pẹ̀lú bàtà míì.

“Mo sọ fún yín o, Gido,” ni Lorna wí. Kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè.

“O sọ fún mi.”

Orest kò lè wo ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà kejì. Nígbà tó tú u tán tó sì bọ́ ọ, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti lẹ ìbọ̀sẹ̀ mọ́ awọ ẹsẹ̀.

“Ẹ fà á,” ni Lorna wí.

Orest na ọwọ́ sí ìbọ̀sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti fà á.