Páànù Irin Tí Bàbá Ògúnlànà Lù

Sàdíátù ti èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ bọ abẹ́ etí páànù irin náà, ó rọra fà á lọ. Èékánná kọ́. Ó dá a padà, ó tún fà á. Ibẹ̀ náà ló tún ti kọ́. Ó gbé páànù náà sójú fèrèsé, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rí i: ojú òòlù kéékèèké, wọ́n tò lọ bí àpá ilẹ̀gbóná tó ti jiná.

Ó jókòó. Oṣù mẹ́ta.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìdánwò iná mànàmáná nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ẹdẹ. Àwọn ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú ti di ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ pè é ní "Màmá" kí wọ́n tó rán an níṣẹ́. Oyè másítà tó ń ṣe nìkan ló lè gbé e kúrò lójú kan. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé. Ọjọ́rú nìyí.

Irin inú tiransífọ́mà, irú àwọn páànù yìí, a máa di òòfà bí iná bá wọ wáyà tó yí i ká. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, òòfà a máa tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kì í bá a dé. Ẹ̀yìn ló máa ń wà. Bí a bá ya ìfàsẹ́yìn yẹn sórí ìwé, ó dà bí ewé. Sàdíátù fẹ́ ṣe ìṣirò tó lè sọ bí ewé náà yóò ṣe rí tí nǹkan bá ń fa irin náà tàbí tó ń fún un pọ̀. Ó ń so òkúta ìwọ̀n mọ́ páànù, ó ń fi iná sí i, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣirò ní ewé náà yóò tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé máńgòrò. Ewé irin gan-an fẹ̀ bí ewé obì, kódà nígbà tí kò gbé nǹkan kan. Oṣù mẹ́ta ló fi ń tún ìṣirò ṣe. Kò fura sí irin, bẹ́ẹ̀ lílù òòlù a máa mú kí ewé irin fẹ̀.

Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà Alájùẹ, sọ́dọ̀ Bàbá Ògúnlànà tó ń tún wáyà mọ́tò ẹ̀rọ omi wé, ẹni tó kó àwọn páànù náà fún un.

"Ìyá Mubarakah!" ni bàbá náà fi kí i. "Irin ọ̀hún ti tán ni? Àbí ẹ fi ń se ọbẹ̀ níbẹ̀?"

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lu àwọn páànù yẹn kí ẹ tó kó wọn fún mi?"

"Gbogbo wọn! Tiransífọ́mà tó já lulẹ̀ ni wọ́n ti wá, wọ́n ti wọ́. Mo fi sùúrù nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé wúruwùru ni kí n kó fún ọ, kó o gbé e síwájú àwọn dókítà?"

"Òòlù mélòó lẹ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan?"

Ògúnlànà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Ta ní í ka òòlù? Òòlù kì í ṣe tẹ̀sùbáà yín."

Sàdíátù wo ọwọ́ ọ̀tún bàbá náà. Ìka méjì ti ká, wọn ò ṣe é nà mọ́. Igba páànù ló fi ọwọ́ yẹn lù.

Fóònù Sàdíátù dún. Dókítà Afọlábí ni, olùkọ́ rẹ̀.

"Ṣé o ti rí ibi tí ìṣirò ti ṣìnà?"

"Ìṣirò ò ṣìnà, sà. Wọ́n ti lu irin náà kó tó dọ́wọ́ mi."

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi."

"Kọ ọ́ bó ṣe wà. Má dárúkọ òòlù. Wọ́n á gbà á."

"Kò ní wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀, sà."

"Odindi ọdún kan lo fẹ́ fi tún un ṣe nìyẹn o, Sàdíátù."

"Mo mọ̀, sà."

Ògúnlànà ń wò ó. "Kí ni kò ní wọlé?"

"Iṣẹ́ kan ni, Bàbá." Ó nawọ́ sí ìdì irin kan ní kọ̀rọ̀, tí bóòtù rẹ̀ ṣì le pinpin. "Ẹ ò tíì tú èyí?"

"Jẹ́ kí n tú u, kí n nà wọ́n fún ọ." Ó ti na ọwọ́ sí òòlù.

"Ẹ má nà wọ́n."

"Wọ́n máa wọ́ o."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ wọn."

Ọwọ́ bàbá náà dúró lórí òòlù. "Àbí èyí tí mo ṣe níjọ́sí ò dáa ni?"

"Ó dáa, Bàbá. Ẹ ṣeun gan-an."

Ó ká àkísà kan ṣe òṣùká. Ògúnlànà bá a gbé irin náà lé e lórí, ọrùn rẹ̀ wọ̀ díẹ̀, ó sì tún dúró. Kẹ̀kẹ́ kan fun fèrè sí i lójú títì. Sàdíátù ò yà, ó ń lọ.