Agbádá Tí Ràbíátù Tẹ́ Sórí Tábìlì Dókítà

Bí ènìyàn bá ń wá ọkùnrin tí kò ní ìdí kankan láti bẹ̀rù ní gbogbo àdúgbò Bẹ́yẹ́rúnkà n'Ìbàdàn, Fàsásì ni kí ó lọ bá. Ilé rẹ̀ kò jò, ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe dáadáa nílé kéú. Iṣẹ́ baba rẹ̀ ni ó ń ṣe: ó ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ kóṣẹ́ sí ọrùn, àyà àti ẹ̀yìn agbádá. Kò sí ẹni tí yóò rí iṣẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba lọ́jọ́ Jímọ̀ tí kò ní béèrè ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Síbẹ̀, ẹ̀rù ń ba ọkùnrin yìí ṣáá ni.

Kì í ṣe ẹ̀rù olè, kì í ṣe ẹ̀rù àjẹ́. Yóò kàn jókòó jẹ́jẹ́, àyà rẹ̀ yóò já, òógùn yóò bò ó, ọwọ́ rẹ̀ yóò tutù. Bí ó bá jáde, tó dé Bẹẹrẹ, yóò sáré padà wálé wá wò bóyá áyọ́ọ̀nù ti jó aṣọ oníbàárà. Kò jó o rí. Òwú tó ti kó dáadáa, yóò tú u, yóò tún un kó, nítorí ó dà bí ẹni pé ó wọ́ lójú rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ le dáadáa. Wọn kò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń fa òwú náà.

Ní ọdún 1965, nígbà tó ti rù débi pé fìlà rẹ̀ ń bò ó lójú, Ràbíátù ìyàwó rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ Dókítà Akínwùmí ní Òkè Bọ́lá. Dókítà gbọ́ ìlù ọkàn rẹ̀, ó ní ọkàn kò ṣàìsàn, pé àníyàn ló ń dà á láàmú. Ó fún un ní Líbríọ́mù, oògùn aláwọ̀ ewé àti dúdú, kí ó máa lò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Agbádá Alhaji Yésúfù, oníṣòwò obì tí wọ́n fẹ́ wé láwàní fún, wà lọ́wọ́ Fàsásì nígbà náà. Ó ti parí apá ọ̀tún àyà rẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, dókítà béèrè pé, "Bàbá, báwo ni ara?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Oògùn ńkọ́?"

"Alihamudulilahi."

Kí ni kí Mùsùlùmí sọ? Bí igi bá wó lu ọmọ Ìbàdàn tí ẹ kí i, "a dúpẹ́" ni yóò kọ́kọ́ sọ kó tó ní kí ẹ gbé igi náà kúrò. Ràbíátù ló sọ pé ọkọ òun ń tòògbé lọ́sàn-án, ẹ̀rù náà sì ń padà wá. Ni dókítà bá pààrọ̀ oògùn sí Fálíọ́mù, hóró kékeré aláwọ̀ ìyeyè. Ó ní èyí yá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n tún dé, "a dúpẹ́" náà ni. Dókítà fi bírò sílẹ̀.

"Bàbá, oògùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fún yín. Ẹ ò lè dúpẹ́ bákan náà lórí méjèèjì."

Ràbíátù, tó jẹ́ pé òun ló máa ń gbá etí gbogbo aṣọ tí ọkọ rẹ̀ bá kóṣẹ́ sí, tú ẹrù tó gbé wá. Ó tẹ́ agbádá Alhaji sórí tábìlì, ó bo gbogbo ìwé dókítà mọ́lẹ̀.

"Dókítà, ẹ má bi í mọ́. Aṣọ ni kí ẹ bi. Apá ọ̀tún yìí, kò tíì lo oògùn kankan. Ẹ wo bí òwú ṣe le, ó ti fẹ́ máa fa aṣọ jọ. Àpò yìí, ìgbà Líbríọ́mù ni. Ó ń lọ dáadáa, ó kàn gbàgbé ibi tó dé, ó fo ìlà. Ẹ̀yìn yìí ni ti Fálíọ́mù. Òwú dẹ̀, ìka mi ń wọ abẹ́ rẹ̀."

Dókítà wọ jígí ojú rẹ̀, ó wò ó títí. "Òtítọ́ ni. Ó máa ń dẹ iṣan ara."

Ojú ti Fàsásì gan-an. Ní gbogbo ìgbà tó ń kó ẹ̀yìn yẹn, ó dára lójú rẹ̀. Ó fi ìka tẹ apá ọ̀tún.

"Dókítà, ibí yìí ni kí ẹ dá mi padà sí. Bí ọwọ́ mi bá bàjẹ́, kí ni mo tún jẹ́?"

Ràbíátù gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó gbé e lé ẹ̀yìn aṣọ.

"Bàbá Kúlúsúmù, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí ẹ ń ṣe apá ọ̀tún yẹn, oúnjẹ ò wọ ọ̀nà ọ̀fun yín, ẹ ò sì bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ ń ṣe ẹ̀yìn yìí, ẹ sùn. Ẹ fi ọbẹ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ sì rẹ́rìn-ín títí ẹ fi sunkún. Ó pẹ́ tí mo ti ń retí yẹ̀yẹ́ yẹn. Bí Alhaji bá fẹ́, kó dá aṣọ ẹ̀ padà. Ẹ̀yin ni mo fẹ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́ yín."

Fàsásì wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, Dókítà. Kò sí ohun tó ń lé mi, ẹ̀rù sì ń bà mí."

"Mo gbọ́ yín, Bàbá," ni dókítà wí.

Ó dín Fálíọ́mù kù sí ààbọ̀ hóró, lálẹ́ nìkan, kí ọwọ́ má baà dẹ̀ jù lọ́sàn-án. Ó kìlọ̀ pé kó má ṣe já a sílẹ̀ lójijì fúnra rẹ̀, kó máa bọ̀ kí àwọn jọ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Fàsásì fẹ́ tú ẹ̀yìn agbádá náà, Ràbíátù gbé àlùmọ́gàjí pamọ́. Alhaji wọ̀ ọ́ lọ síbi ìwúyè, ó fẹ̀yìn ti àga dáadáa, kò sẹ́ni tó rí iṣẹ́ ẹ̀yìn náà. Ọwọ́ Fàsásì padà bọ̀ sípò, àmọ́ kò le tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó dun Fàsásì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò dùn ún.

Lọ́jọ́ kan, Màmúdù ará Àrẹ̀mọ gbé agbádá àtijọ́ kan wá, iṣẹ́ Fàsásì fúnra rẹ̀, ó ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ lòun ń fẹ́. Fàsásì fọwọ́ pa á lára títí, ó sì nà án padà sí i.

"Iṣẹ́ yìí dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ṣe é kì í sùn. Èmi ń sùn."