Ìka Mẹ́wàá Kí Ilẹ̀kùn Tó Ṣí

Bàbá Káfíńtà kì í ṣílẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ ọwọ́ láìka ìka. Bí agogo ìparí ẹ̀kọ́ bá ti lù, àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún a tò síwájú rẹ̀, wọn a na ọwọ́ méjèèjì, òun a sì kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: mẹ́wàá, ó yá, bọ́ síta. Mẹ́sàn-án péré ni tirẹ̀. Ọ̀bẹ tó kú, tí kò mú mọ́, ló yọ̀ lórí igi, tó sì gé ìkẹwàá nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àwọn ọmọ ń fi ìka kíkà náà ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ dán an wò pé kó ká ìka kan mọ́wọ́.

Ìka ló ń kà, kì í ka irinṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti ṣì í ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, tí àwọn ọmọ ti lọ tán, ó rí i pé ìṣó kan ṣófo lára pákó tí wọ́n ń fi irinṣẹ́ kọ́. Ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n fi ń gbẹ́gi kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá àgbà ilé ìwé fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, obìnrin náà ti là á mọ́lẹ̀ pé ọjọ́ tí irin mímú kan bá bá ọmọ délé, ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ parí.

Ó tú ìdọ̀tí pákó, ó wo abẹ́ tábìlì, ó tún gbogbo rẹ̀ tú. Ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ìka ọmọ ló ń rò. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ọwọ́ obìnrin náà ló ń wò. Ìyàwó bi í bóyá ìka tòun náà dín ni.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọmọbìnrin kíláàsì karùn-ún kan tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́. Ó tú àkísà tó fi wé ọ̀bẹ náà, ó nà án sí Bàbá Káfíńtà, èèkù rẹ̀, ibi tí wọ́n ń dì mú, ló kọjú sí i, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

“Ẹ ní ẹni tó bá fi irin tó kú sílẹ̀ kì í ṣọmọ iṣẹ́. Òkúta wà nílé wa, sà. Mo ti pọ́n ọn.”

“Na ọwọ́ ẹ.”

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́wàá ni. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Inú bí i, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí yóò bínú sí, ọ̀rọ̀ ẹnu òun náà lọmọ tẹ̀ lé.

Ì bá gbé ọ̀bẹ náà kọ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ló ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá ṣi igi wọ̀n, kó wí kí wọ́n tó gé e. Ó gbéra, ó kó ọ̀bẹ àti kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì ọ̀gá àgbà, ó sì rò ó láìfi ọ̀kan pe méjì. Ó ní òun kọ́ wọn pé kí wọ́n máa pọ́n irin, òun kò sọ ibi tí wọn yóò ti pọ́n ọn.

Ojú ọ̀gá àgbà kúrò lára ọ̀bẹ, ó bọ́ sí ọwọ́ òsì Bàbá Káfíńtà, níbi tí ìka kan kò sí.

“Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ta ló ń ka tiyín?”

“Kò sẹ́ni tó ń kà á, mà.”

Ọ̀gá àgbà sún kọ́kọ́rọ́ náà padà sí i. Ó ní kó máa ka irinṣẹ́ mọ́ ìka, kó sì tètè máa lọ, nítorí agogo ìwọlé ẹ̀kọ́ ti fẹ́ lù.